Ọkọ̀ Tí Ara Mi Dá Mọ̀

Alága ni wọ́n ń pè mí nílé. Kì í ṣe pé mo ń darí ẹgbẹ́ kankan o. Àga ni mo ń gbé kiri, tàbí ká kúkú sọ pé àga ló ń gbé mi kiri, àga onítáyà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi lórúkọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àga ọ̀hún wọlé. Mò ń sunkún, Màmá ń sunkún, ló bá wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Alága, ẹ kú ìjókòó o." Ẹ̀rín pa mí mọ́ ẹkún. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Tí mo bá rántí báyìí pé inú ilé yìí kan náà la ti jọ rẹ́rìn-ín, inú mi máa ń bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Ọ̀dọ́langba ni mí nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. A lè máa bọ̀ láti ilé ìwé jẹ́ẹ́jẹ́, kí orúnkún mi ṣàdédé yẹ̀, kí n sì nà gbalaja sílẹ̀. Bàbá wa rò pé àṣejù ló ń ṣe mí. Kó tó yé ẹnikẹ́ni pé àìsàn ni, Bàbá ti kú, èmi náà ò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà tọ́rọ̀ náà wá yé sọ fún wa pé wọ́n bí àìsàn náà mọ́ mi ni. Ó ní jíìnì kan wà nínú ara tó ń sọ fún iṣan bó ṣe máa tún ara rẹ̀ ṣe, pé tèmi ní àṣìkọ. Ó ní kò sí oògùn rẹ̀ níbì kankan, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìṣirò owó ló fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Kí a tó dé ìta ọgbà ilé ìwòsàn, ó ti yí i padà. Ó ní jíìnì lòun máa kọ́, òun sì máa tún àṣìkọ yẹn kọ. Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, mo fi gbogbo ọkàn mi lé e, mi ò sì tọ́jú ìkankan pa mọ́ fún ọjọ́ tó bá kùnà.

Ó kàwé gboyè kìíní, ó kàwé gboyè kejì, ó tún lọ síbi tí wọ́n ti ń di dókítà ìwé. Màmá máa ń tì mí lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Yàrá tóóró kan ni, fíríìjì ló kún ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo wọn ń kùn. Ìgò pẹẹpẹẹpẹ wà níbẹ̀, ìdérí wọn pupa, ìdérí wọn aláwọ̀ ewé, òórùn spírítì sì máa ń ta síni nímú. Yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò jókòó ti àwo gíláàsì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò máa kán nǹkan sínú rẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní wò wá.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé inú fíríìjì yìí ni ẹsẹ̀ mi wà?"

Ó ní, "Kò tíì dé, Alága. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló máa gbà jáde."

Òun ló ṣàlàyé fún wa pé jíìnì tó péye kì í ṣe ìṣòro mọ́, pé àwọn ti lè kọ ọ́. Bó ṣe máa dé inú iṣan ni wàhálà. Tí wọ́n bá gún un síni lára lásán, ara á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dé ibi kankan. Ó nílò ọkọ̀ tó máa gbé e. Fáírọ́ọ̀sì kan ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ọ̀hún, irú èyí tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n á kó ẹrù tirẹ̀ dànù, wọ́n á fi jíìnì rere dí i. Fáírọ́ọ̀sì ti mọ ọ̀nà inú ara tẹ́lẹ̀, kò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n mí kanlẹ̀. "Àṣé ọkọ̀ lò ń wá láti ọjọ́ yìí. Ìyẹn ni o ò ṣe rí ọkọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ̀ Alága ná."

"Alága ò ní gbé ọmọ fún mi pọ̀n," ni Màmá wí, a sì rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀dọ́mọdé kan tó ń fọ ìgò yíjú wò wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn, ọdún lórí ọdún. Ó kọ àpilẹ̀kọ, wọ́n dá a padà. Ó tún un kọ, ọ̀gá rẹ̀ fi orúkọ tirẹ̀ ṣíwájú. Ó fi ọkọ̀ náà wo eku sàn, wọ́n ní eku kì í ṣe èèyàn, bíi pé ẹnì kan ló sọ pé èèyàn ni. Ó bọ́ sórí ọ̀bọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, apá mi náà ti ń wúwo. Ohun tí mò ń fẹ́ ti dínkù gan-an. Ìrìn ti kúrò lọ́kàn mi. Mo kàn fẹ́ máa gbé ife sẹ́nu fúnra mi, kí n sì máa mí láìsí pé ẹ̀rọ ń bá mi mí i.

Ìgbà tó wá yá, ilé ìwòsàn gba àṣẹ láti dán an wò lára èèyàn. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ mi rárá nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà ló ń yan àwọn tó máa gba abẹ́rẹ́. Ó yàn mí mọ́ àwọn ìpele kìíní, àwọn tí wọ́n máa fún ní ìwọ̀n kékeré láti mọ̀ bóyá kò ní pa wọ́n lára. Tó bá lọ dáadáa, ìpele kejì á gba púpọ̀. Gbogbo ohun tí àwa gbọ́ nínú rẹ̀ ni "kìíní." Màmá pe gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wọn. "Ọmọ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún o!" Wọ́n pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Èmi àti Màmá la lọ sílé ìwòsàn ní àárọ̀. Wọ́n gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so okùn mọ́ mi láyà, nọ́ọ̀sì kan ń wá iṣan lápá mi, kò rí i, ó ń bẹ̀ mí. Ìdùnnú Màmá ti fò lọ. Wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àyà mi ń já," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sí nílé. Ṣé kò yẹ ká kúkú ní kí wọ́n sún un síwájú?"

Mo ní kí wọ́n ṣe bí ọkàn wọn bá ṣe ní kí wọ́n ṣe. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí fóònù wọn fi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Màmá wá awò ojú wọn sínú báàgì, wọ́n gbé fóònù náà síwájú, wọ́n kà á sókè:

"Màmá, ẹ máa gba abẹ́rẹ́ yẹn o. Mo ń bọ̀."

Ojú wọn tàn. Mo rí i bí èjìká wọn ṣe wálẹ̀. "Ó ní ká máa gbà á, òun ń bọ̀. Ọmọ yìí! Ó mọ̀ pé ẹ̀rù á máa bà mí." Wọ́n kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ ṣe é, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣe oògùn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti ní ká gbà á."

Nọ́ọ̀sì rí iṣan. Omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í kán wọ inú mi. Kò dùn mí rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ń wọ́ àpótí rẹ̀ nílẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ti rún. Ẹ̀rín ló gbé wọlé. Ó dì mọ́ Màmá.

"Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, ṣùgbọ́n ìpele kejì ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ìpele kejì báwo?" ni Màmá wí. "Wọ́n ti gún un. Ó ti parí. Kò tiẹ̀ ké."

Ẹ̀gbọ́n mi wo okùn tó wà lápá mi. Ó wo ike òfìfo tó kọ́ sókè.

"Bí o ṣe ní ká ṣe la ṣe," ni Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ló fún mi lókun. Kó tó dé, díẹ̀ ló kù kí n ní ká máa lọ sílé."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́." Ó tọrọ fóònù wọn, ó ní bàtìrì tòun ti kú. Màmá fún un, wọ́n sì jáde lọ béèrè omi gbígbóná lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Ó gbé fóònù náà sí mi lójú. "Kà á."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Mama e ma gba abere yen o. Mo n bo.*

Mo kà á bí Màmá ṣe kà á.

Ó ní, "Tún un kà. Kà á bíi pé mo fẹ́ dá yín dúró."

Mo la ẹnu. Mo rí i. Ẹ má gbà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan náà, kò sí àmì kan lórí ìkankan. Gbogbo wa la máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ta ló ráyè àmì?

Ó wá sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní alẹ́ àná, níbi ìpàdé náà, ni wọ́n fi èsì tuntun hàn wọ́n lára àwọn ọ̀bọ. Ìwọ̀n kékeré yẹn kì í dé inú iṣan, kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Ṣùgbọ́n ó tó kí ara fi dá ọkọ̀ náà mọ̀. Tí wọ́n bá tún gbé e wá lẹ́yìn náà, bó ti wù kó pọ̀ tó, àwọn ọmọ ogun ara á ti dúró dè é lẹ́nu ibodè, wọ́n á bà á jẹ́ pátá. Òmíràn nínú àwọn ọ̀bọ náà kú sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn lè gba abẹ́rẹ́ yẹn láyé rẹ̀, mo sì ti gba tèmi. Ó pe Màmá títí di àárọ̀, fóònù ò lọ. Wọ́n ti ń pe èrò sínú bàálù. Èsì náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tú síta, wọn ò sì gbà kó bá ilé ìwòsàn sọ ọ̀rọ̀ mi, ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti tó.

"Màmá," ló ń wí. "Màmá tó jẹ́ tíṣà! Màmá tó máa ń fi bírò pupa fagi lé ìwé mi nítorí àmì!" Ó rẹ́rìn-ín kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láé. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. "Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Alága, gbọ́ mi. Tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ni, ó máa pa wọ́n."

Mo ní mo gbọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ó sì nu ojú rẹ̀ kí Màmá tó gbé omi gbígbóná dé.

Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní púpọ̀. Ohun tí a sọ fún Màmá ni pé tèmi ṣì ń bọ̀. Ọkọ̀ náà dé ibi tó ń lọ. Àwọn tí wọ́n ń gbé wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ara wọn jáde. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kàn kárí ayé. Àwọn tó ti dá àpilẹ̀kọ rẹ̀ padà ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Inú mi dùn fún àwọn èèyàn yẹn. Irọ́ ni. Inú mi ò dùn fún ìkankan nínú wọn. Mo máa ń wo fọ́tò wọn, kí n sì máa kórìíra orúnkún wọn.

Òun náà ò gbádùn rẹ̀. Gbogbo ọlá yẹn, ọkọ̀ kejì ló ń fi wá, èyí tí ara mi ò tíì mọ̀. Ó máa ń wá fa ẹ̀jẹ̀ lára mi, yóò lọ fi síwájú oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ̀jẹ̀ mi yóò bá gbogbo wọn jà. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n jọ jẹ́, ara mi ti mọ ojú ìdílé náà. Ó wá fi ọ̀rá ṣe ọkọ̀, ẹ̀kán ọ̀rá tí ojú lásán ò lè rí. Ìyẹn kì í kọjá ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ló máa ń já ẹrù sí. Ọdún mìíràn, àwọn tó ń fún un lówó ìwádìí bi í pé kí ló ń wá ọkọ̀ mìíràn sí nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Apá mi ọ̀tún kú, ó ku ti òsì, òun náà kú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sílé tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbangba, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó ní ká má wá. Màmá ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé ọmọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n, kí òun jókòó sílé. Wọ́n tì mí dé iwájú gbọ̀ngàn náà, ẹ̀rọ mi ń mí lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọ̀kan nínú àwọn ìpele kejì, sáré gun àtẹ̀gùn lọ fún un ní òdòdó. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ọkùnrin kan béèrè ìbéèrè lẹ́yìn. Ó ní, àwọn tó gba kékeré níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò lè tún gba púpọ̀ báyìí?

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè parọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àléébù tó ní nìyẹn. Ó ní rárá, wọn ò lè gbà á mọ́ láé. Ó ní èsì ti jáde lára ọ̀bọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní ọjọ́ tó ṣíwájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò dé etí ilé ìwòsàn lásìkò. Màmá ti gbé ọwọ́ sókè láti tún pàtẹ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Nínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á. Màmá jókòó ti èmi lẹ́yìn. A kúrò lójú títì ńlá.

"O wà níbi ìpàdé náà," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ti gbọ́ ọ. O mọ̀ pé tó bá gba kékeré, ó tán fún un nìyẹn. O mọ̀, o wá kọ̀wé sí mi pé ká máa gbà á."

Mo wo dígí tó wà lókè orí rẹ̀. Ojú wa pàdé níbẹ̀. Mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ní, "Alága, dákẹ́."

"Kí ló dé?" ni Màmá wí. "Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó dé."

"Wọ́n nílò àwọn tó máa ṣíwájú, Màmá. Tí ẹnì kan bá fà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lè ti gbogbo iṣẹ́ náà pa. Mi ò fẹ́ kó dúró."

Irọ́ tó burú jù tí mo tíì gbọ́ rí nìyẹn, òun ló sì gbé e dìde fúnra rẹ̀, ó fi bo ìyá rẹ̀. Màmá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ ìyá rẹ lo fi ṣe eku." Wọ́n ní kó dúró, kí àwọn bọ́ sílẹ̀. Kò dúró, ó gbé wa délé, ó gbé mi wọlé, ó tò mí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Fọ́tò ìgbà tó gboyè ti kúrò lára ògiri. Tí àlejò bá béèrè ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á ní àwọn ò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ohùn mi ti kéré, àmọ́ tí Màmá bá fi etí wọn ti ẹnu mi, wọ́n á gbọ́. Wọ́n máa ń fi etí ti ẹnu mi lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo lè fi èémí kan ṣoṣo dá ọmọ padà fún wọn. Ṣùgbọ́n èémí yẹn kan náà ló máa sọ fún wọn pé ẹnu tiwọn ló ka ọ̀rọ̀ tó pa mí. Wọ́n ti di arúgbó. Àwọn ló ń wẹ̀ mí, àwọn ló ń yí mi padà. Nítorí náà mo máa ń ní òùngbẹ ń gbẹ mí, wọ́n á sì fún mi lómi.

Ní àná, dókítà wá. Ó bá Màmá sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní láti jẹ́ òun ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, tó fi wá lónìí ní ọ̀sán. Mo gbọ́ mọ́tò rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré. Mi ò ní sọ̀rọ̀, mo kàn fẹ́ wò ó."

"Ó ń sùn," ni Màmá wí.

"Màá dúró kó jí."

"Mo ní ó ń sùn."

Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Mo ń wo àjà. Mo fẹ́ pè é, mo kó gbogbo èémí tó kù nínú mi jọ, ẹ̀rọ yẹn sì fẹ́ tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí mọ́tò náà ń lọ.

Màmá ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí yàrá mi, sálúbàtà wọn ń dún nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo pa ojú mi dé, kí ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ wọn má baà jẹ́ irọ́.